Dúrósinmi Tún Fẹ́ Jà

"Ẹ kàn tẹ àtàǹpàkò yín síbí, Bàbá," ni ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìwòran wí, bó ti máa ń wí ní gbogbo Sátidé. "Akànṣẹ́ kan tó ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún ni Dúrósinmi máa bá jà lónìí."

Alàgbà Fágbùyí ò na ọwọ́. "Kílò mélòó ni onítọ̀hún?"

"Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún."

"Ọgọ́ta lọmọ mi kó tó kú."

"Àwọn òǹwòran ló dìbò fún ìjà náà, sà. Bí àwòrán Dúrósinmi bá tiẹ̀ ṣubú, ẹ̀rọ á tún gbé e dìde lórí ògiri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní ní àpá ọgbẹ́ kankan lára."

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ti ń pariwo, "Dúró! Dúró!" Orúkọ tí Alàgbà fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn tó ti sin ọmọ méjì ṣáájú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni eléyìí sì fi dúró.

"Bẹ́ ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, ìjà ò ní wáyé o, Bàbá."

Alàgbà ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. "Kó má wáyé. Mo ti bẹ ọmọ yìí títí tó fi yéé ṣe àbíkú. Ẹ̀yin lẹ tún sọ ọ́ di àbíkú."