Ṣẹ́ẹ̀tì Selorm Tó Mọ́ Jù

Ọmọkùnrin kan wà nílùú Amedzofe lórí òkè, Selorm lórúkọ rẹ̀. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun níṣẹ́, bó bá sì ṣe àṣìṣe, irọ́ ló fi ń bò ó.

Ó ti tún bíréèkì ọkọ̀ ẹni méjì ṣe lágbàlá ilé wọn, àdúgbò sì ti ń pè é ní ọ̀gá. Nígbà tí ọkọ̀ Esinam, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà-gbàgà bó bá ti kó sí kòtò, Selorm ní búṣìn ló ti jẹ, àwọn rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ níbi tí irin táyà ti so mọ́ ọn. Ó ní òun yóò pààrọ̀ wọn nílé. Esinam ra tuntun, torí ọkọ̀ yìí ló fi ń gbé ìyá wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọsibítù nílùú Ho ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Selorm fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó yọ rọ́bà àtijọ́, ó ki tuntun bọ̀ ọ́. Bó ṣe mú sípánà láti dè é, Tógbè Kudzo, bàbá àgbà ilé kejì, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì, sọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

"Má tíì dè é pa, ọmọ mi. Sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ná, kí rọ́bà mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó, kó o wá fẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ dè é. Bó o bá dè é lókè báyìí, yóò lọ́ ya."

"Tógbè, ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí ẹnu náà fẹ̀yìn tì."

Esinam wolẹ̀ fún ìtìjú. Òjò ṣú, ó sáré lọ ká aṣọ. Nígbà tó dé, ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. Ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá ó ṣe bí Tógbè ṣe wí. Selorm fi ìyá wọn búra pé òun ṣe é. Esinam rí i pé ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí iyanrìn kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fura sí ọmọ ìyá rẹ̀?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ariwo náà padà dé. Selorm rẹ́rìn-ín pé bàtà tuntun kì í ṣàìdún.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Esinam tẹ bíréèkì ní kọ́nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ọkọ̀ fà sósì, ó sì forí sọ igi. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá wọn kán.

Níwájú ẹbí, Tógbè Kudzo gbé rọ́bà tó yọ lábẹ́ ọkọ̀ náà jáde. Ó ti lọ́ bí àkísà tí wọ́n fún omi rẹ̀. Wọ́n ń gbà á wò láti ọwọ́ dé ọwọ́.

"Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ mọ́ lọ́jọ́ náà," ni Esinam wí. "Mo rí i. Ìyá wa lo sì fi búra."



Ìyá kò ní fi ọwọ́ òsì jẹun láéláé. Nítorí náà àwọn àgbà dájọ́ pé Selorm fúnra rẹ̀ ni yóò máa ro akple, òkèlè àgbàdo ilẹ̀ wọn, tí yóò máa bù ú sí i lẹ́nu láàárín agbo ilé, títí ọwọ́ yóò fi san. Àwọn tó ń pè é ní ọ̀gá ń kọjá, wọn kò kí i. Bó bá kánjú, ìyá á rọra gbé ojú sókè, á ní, "Jẹ́ kó balẹ̀ ná, Selorm."

Ẹ̀yin èèyàn mi, àìmọ̀ kọ́ ló bí mi nínú. Ẹni tí kò mọ̀ lè béèrè. Ẹni tí wọ́n sọ fún, tó fi àgbà ṣẹ̀sín, tó wá fi orí abiyamọ búra nítorí pé kò fẹ́ kí aṣọ òun dọ̀tí, ìkà ni. Bí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ fún ẹni tí yóò fara tì í, gbà kí iyanrìn kàn ọ́ lẹ́yìn; bí o kò bá sì ṣe é tán, sọ pé o kò ṣe é tán.