Ẹni Tó Di Àkàsọ̀ Mú

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Tíṣà Fadérera gun àkàsọ̀ láti gbé àwòrán tó kẹ́yìn nínú ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn. Àwọn òbí ń bọ̀ wá wò wọ́n lọ́la. Ti ọmọbìnrin tó kú ní sáà tó kọjá nìkan ni kò ní gbé kọ́. Àkàsọ̀ fẹ́ yẹ̀, ẹnì kan sì dì í mú pinpin nísàlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Lámídì," ló wí fún ọdẹ ilé ẹ̀kọ́ láìbojú wẹ̀yìn.

Ló bá gbọ́ ohùn bàbá náà láti ẹnu géètì lọ́hùn-ún: "Tíṣà, ṣé ẹ ò tíì ṣetán ni?"

Ìṣó tó fẹ́ kàn mọ́ ògiri bọ́ lọ́wọ́ Fadérera. Kò gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀.

"Ìṣó yín rèé, mà," ọmọbìnrin kan wí jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀. "Tèmi ló kù tí ẹ ò tíì gbé kọ́."