Ilé Kọkànlá

Ilé kọkànlá tí mo yẹ̀ wò ní Iléṣà lọ́sẹ̀ yìí nìyí, ẹsẹ̀ sì ń ro mí. Akínkúnmi tó fẹ́ tà á jókòó síta, nítorí òfin ò gbà kí onílé wà níbẹ̀ nígbà tí ilé bá ń jẹ́wọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á.

"Ẹ káàbọ̀," ògiri pálọ̀ wí. "Òrùlé mi ń jò. Omi kànga mi ń rùn. Ìpìlẹ̀ ẹ̀yìn ti ń rì díẹ̀díẹ̀."

Bí gbogbo ilé ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Mo bi í ní ìbéèrè ìkẹyìn tí òfin là kalẹ̀: "Ṣé ó ku ohun tó yẹ kí n mọ̀?"

Ó dákẹ́. Mẹ́wàá tó ṣáájú ò dákẹ́ rárá.

"Ìyá Akínkúnmi wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá ọwọ́ òsì," ó wí níkẹyìn. "Kí wọ́n tó kú, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa ra ilé tó ní sàréè, ọmọ àwọn á sì há síbí. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́. Ẹni mẹ́fà ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ti lọ."

Bàbá tèmi náà wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Mo wọ yàrá náà, mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ kí ìyá. Ó pẹ́ kí n tó lè dìde.

Nígbà tí mo jáde, Akínkúnmi ò wojú mi. "Ó ti sọ ọ́, àbí?"

"Òrùlé tó ń jò ni mo gbọ́," mo ní. "Ẹ wá, ká dúnàádúrà lórí ẹ̀."