Pásíwọ́ọ̀dù Kan fún Igba Ilé

Ìkánjú àti ìmẹ́lẹ́ kì í sábà bá ara wọn gbé, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí àwọn méjèèjì fi ṣe ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé onílé, láti tún kọ̀ǹpútà ṣe, àti láti kan kámẹ́rà mọ́ ògiri fún ẹni tó bá fẹ́ máa ṣọ́ ilé rẹ̀ láti orí fóònù. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn máa fi odindi ọjọ́ ṣe, wákàtí kan ti tó o. Kò ní í tíì kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò tán tí á ti máa pariwo pé, "Ó ti parí!" Bí àwọn oníbàárà ṣe sọ ọ́ ní Ó-ti-parí nìyẹn.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ìkánjú rẹ̀ ní ìdí. Ìyá rẹ̀ arúgbó ń bá a gbé. Ìyá náà ti ṣubú rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́. Kò sí ẹni tó lè jókòó tì í lọ́sàn-án, ìyá náà kò sì mọ fóònù tẹ̀, ni ọmọ rẹ̀ bá kan kámẹ́rà sí yàrá rẹ̀. Ibikíbi tó bá ti ń ṣiṣẹ́, á yọ fóònù, á wò ó, á sì bá a sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. "Màámi, ṣé ẹ ti jẹun?" Ìyá á gbójú sókè, á juwọ́ sí i. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á padà sídìí iṣẹ́.

Ti ìmẹ́lẹ́ ńkọ́? Gbogbo ilé tó bá wọ̀, pásíwọ́ọ̀dù kan náà ló ń fi síbẹ̀: orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ọdún tó ṣí i. Bí oníbàárà bá gbàgbé tirẹ̀, ọkùnrin náà kò ní láti dìde lọ síbẹ̀, á kàn sọ ọ́ fún un lórí fóònù. Ó ń rẹ̀ ẹ́ láti ronú kan òmíràn. Kódà, òun náà ló fi sí kámẹ́rà ìyá rẹ̀. Báyìí ni ilé tó ń ṣe fi di igba, orúkọ rẹ̀ kàn, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì ilé bàbá mi?"

"Èmi ni. Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ ṣe ti ilé ọkọ mi. Mo kàn tẹ pásíwọ́ọ̀dù ilé bàbá mi wò níbẹ̀, ó ṣí. Mo tẹ̀ ẹ́ sí kámẹ́rà ẹnu géètì, òun náà ṣí. Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún ní in lọ́wọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ṣebí mo dín wàhálà kù fún ẹ ni? O ò dúpẹ́, o wá ń fẹjọ́ sùn."

"Ẹ ò ṣe pààrọ̀ wọn?"

"Igba ilé? Ó ti rẹ̀ mí jù. Tó bá yá, màá ṣe é."

Obìnrin náà mirí. Ó lọ sílé, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ ti ilé méjèèjì. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ó-ti-parí gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ìdí wáyà rẹ̀ ló padà sí.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ta ni aláǹgbá náà? A kò mọ̀ títí dòní. Ó lè jẹ́ ayálégbé tó ti kó kúrò, ó lè jẹ́ àlejò tó sùn mọ́jú lásán. Ohun tí a mọ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹnì kan fi pásíwọ́ọ̀dù yẹn wọ íńtánẹ́ẹ̀tì àti kámẹ́rà ilé dé ilé, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, àwọn onílé kò sì lè wọ nǹkan tiwọn mọ́.

Fóònù Ó-ti-parí kò sinmi.

"Kámẹ́rà mi ń yí fúnra rẹ̀!"

"Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá àwọn ọmọ mi, n ò sì rí ẹnikẹ́ni! Kí lo gbé sílé mi?"

Ó ń sáré láti ilé kan sí èkejì, òógùn bò ó. Nígbà tó tó aago mọ́kànlá, ó yọ fóònù láti wo ìyá rẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù kò tọ̀nà, ni fóònù wí. Ó yẹ kó gba ilé lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà kan dúró tì í, ó ń ké mọ́ ọn. Ó-ti-parí wí fún ara rẹ̀ pé, "Màámi wà lórí ibùsùn. Ẹ jẹ́ kí n yára parí èyí ná." Lẹ́yìn èyí, òmíràn tún pè.

Ìrọ̀lẹ́ ló délé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ti bá ìyá rẹ̀, lẹ́bàá ibùsùn. Láàárọ̀ ló ti fẹ́ mu omi tó fi ṣubú. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Mò ń juwọ́ sí ọ," ni ìyá wí. "Iná ara kámẹ́rà yẹn ń tàn, mo rò pé o ń wò mí. Mo pè ọ́ títí. Nígbà tó yá, mo ní bóyá ọwọ́ rẹ ló dí."

Ó-ti-parí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Egungun ìbàdí ìyá ti kán, kò sì rìn mọ́. Ọ̀pọ̀ oníbàárà tú kámẹ́rà rẹ̀ dànù, wọ́n pe ẹlòmíràn. Ṣọ́ọ̀bù kógbá sílé. Lónìí, ó ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé àwọn tó kù, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣílẹ̀kùn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èyí, ẹ mú un lò. Lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá ti jáde nílé yín, ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù tó fún yín, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ẹ má fi ọ̀kan ṣoṣo ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi ilé lé lọ́wọ́, bí ẹnì kan bá fi ibi tí ògiri ti lanu hàn yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dìde lọ dí i lọ́jọ́ náà gan-an. Á rẹ̀ yín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n béèyàn bá sùn, àárẹ̀ iṣẹ́ á lọ. Ti àbámọ̀, oorun kì í wò ó sàn.