Fépù Inú Báàgì Qanitah

"Ìyá Qanitah, ẹ wo fépù, sìgá oníbátìrì, tá a bá nínú báàgì ọmọ yín."

Pírínsípà ń nà án sí mi. Mo na ọwọ́ òsì, mo sì yára fi ọ̀tún pààrọ̀ rẹ̀.

Mo figbe ta.

"Ọlọ́hun á mú ẹni tó ṣe èyí fọ́mọ mi!"

"Ní àdúgbò Fájuyì ni wọ́n ti ń ṣe é. Qanitah, dárúkọ ẹni náà, kó o lè ṣe wáẹ́ẹ̀kì rẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lílé ni màá lé ẹ."

Ọmọ mi ń wo bàtà rẹ̀.

Mo ṣí orí fépù náà. Wáyà tín-ín-rín kan tó ń mú un gbóná wà níbẹ̀ tí wọ́n wé nígbà mẹ́fà, wọ́n sì ki òwú sínú rẹ̀. Òwú náà ti jó dúdú.

Apá òsì ni wáyà náà yí sí.

Mo gbójú sókè. Èmi ni Qanitah ń wò, omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Gbogbo àwọn tó ń wé wáyà yìí ní Fájuyì, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń lò, àfi ẹnì kan.

"Sà, ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ òsì mi lé orí tábìlì.

"Ọwọ́ tó wé e nìyí."