Wáyà Náà Kò Gùn Tó

"Bertha lorúkọ mi, sà. Nítorí iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ṣe pè."

Twi, èdè àwọn onílẹ̀, ni awáṣẹ́ náà ń sọ nínú tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Dichemso, ó sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àyálò ni orúkọ yẹn. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un: "Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ Ìlọrin ni ẹ́. Lọ́dún tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí, orúkọ ni wọ́n fi dá wa mọ̀."

"Dúró, kí ọ̀gá bá ọ sọ̀rọ̀," ni ẹni tó gbé ìpè náà lọ́hùn-ún wí.

Ohùn àgbàlagbà kan gba tẹlifóònù. "Èmi ni Owusu, ọ̀gá ibí."

Kí ó tó rántí ara rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. Wáyà fà, tẹlifóònù já bọ́ láti orí tábìlì, gbàà!

"Kí ló ṣubú yẹn?"

"Kò... kò sí nǹkan, sà."

"Ṣé o kúnlẹ̀ ni?"

Ó gbé tẹlifóònù padà sórí tábìlì. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún. Nígbà tí ohùn náà padà dé, ó ti rẹlẹ̀, Yorùbá ló sì ń sọ.

"Dìde, ọmọ mi. Lọ́la, tí o bá dé ọ́fíìsì, jọ̀ọ́, má kúnlẹ̀ kí mi. Wọn ò tíì mọ̀ níbí."