Ọkùnrin Tó Ná Bíréèkì Bí Ẹni Ń Ná Aṣọ

Ẹ dákun, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má fi sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń tún ọkọ̀ àlòkù ṣe. Ó ti rẹ̀ mí láti máa lọ kí èèyàn nílé ìwòsàn nítorí ọ̀ràn tí wọ́n ti kìlọ̀ rẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀.

1.

Sọ̀fíyù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta aṣọ ní Grand Marché, ọjà ńlá tó wà níbí ní Bouaké, nílẹ̀ Ivory Coast. Ìsọ̀ mi ò jìnnà sí tiẹ̀. Èèyàn rere ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọjà níná ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ àwa oníṣòwò: ẹni tó bá san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè, ọ̀dẹ̀ là ń pè é. Bí ọlọ́jà ò bá gbà, a ó kẹ̀yìn sí i, a ó máa rọra lọ, títí yóò fi pè wá padà. Kò sẹ́ni tó mọ ọgbọ́n yẹn lò tó Sọ̀fíyù.

Mọ́nsúrátù, ìyàwó rẹ̀, ló ń kó aṣọ lọ sí Botro lọ́jọ́ ọjà. Ó ti pẹ́ tó ti ń há sáàárín ẹrù nínú ọkọ̀ èrò, ìbàdí sì ti ń dùn ún. Nítorí ẹ̀ ni Sọ̀fíyù ṣe ra jíìpù kékeré kan, àlòkù, tí wọ́n pa tì sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́. Ó ní òun ó tún un ṣe, òun ó sì máa fi gbé ìyàwó òun lójoojúmọ́, òjò ìbáà rọ̀, ọ̀nà ìbáà bàjẹ́. Èrò dáadáa ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ará.

2.

Ismaël ni mẹkáníìkì tó gbé e lọ bá. Ismaël wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́. Tonton ló ń pe Sọ̀fíyù, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbí.

"Tonton, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára. Ṣùgbọ́n bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹ tán, páìpù tó ń gbé epo bíréèkì sì ti dípẹtà. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ ná."

Sọ̀fíyù rẹ́rìn-ín. "Mẹ́rin kẹ̀? Ṣe méjì fún mi."

"Tonton, bíréèkì kì í ṣe aṣọ. A kì í ná an."

"Kí ni wọn kì í ná láyé yìí?"

Wọ́n fà á títí oòrùn fi kúrò lórí wọn. Nígbà tó yá, Sọ̀fíyù kẹ̀yìn sí i, ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ismaël náà níyàwó, ó bímọ, kò sì tíì ríṣẹ́ ṣe láti àárọ̀. Ó pè é padà. Wọ́n fẹnu kò sí bíréèkì iwájú méjèèjì. Àlòkù ni wọ́n fi sí ti ẹ̀yìn. Páìpù yẹn, wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Kí ni Sọ̀fíyù wá fi owó tó ṣẹ́kù ṣe? Ọ̀dà tuntun, awọ fún ìjókòó, àti táyà ńláńlá kí jíìpù lè ga. Ismaël ní táyà ńlá á tún jẹ́ kó ṣòro fún ọkọ̀ láti dúró. Sọ̀fíyù ní ó ń jowú ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Mẹkáníìkì ń jowú jíìpù tó fọwọ́ ara ẹ̀ tún ṣe!

3.

Lọ́jọ́ ọjà Botro, wọ́n di ẹrù aṣọ kún ẹ̀yìn jíìpù dé òrùlé. Mọ́nsúrátù ti ń ṣàkíyèsí láti ọjọ́ mélòó kan.

"Bàbá Aaliyah, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú?"

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká dá a padà fún Ismaël. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á."

"Kí wọ́n lè máa fi mí ṣe ìjẹ? Wọlé, jàre."

Mọ́nsúrátù di ilẹ̀kùn mú. "Ó ti rẹ̀ mí. N ò lè máa bá yín jà lójoojúmọ́." Ó wọlé.

4.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Botro, níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, màlúù dí ojú ọ̀nà. Sọ̀fíyù tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ kanlẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Páìpù ti bẹ́. Ó yí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jíìpù gíga náà sì dojú dé sínú kòtò.

Ọwọ́ Sọ̀fíyù nìkan ló bó. Ṣùgbọ́n irin ìjókòó tó ká pọ̀ àti gbogbo ẹrù yẹn wà lórí ẹsẹ̀ Mọ́nsúrátù. Àwọn ará abúlé sáré dé. "Yako! Yako!" ni wọ́n ń wí, ìyẹn ni pé ẹ pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń fà á jáde.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní àfi kí àwọn gé ẹsẹ̀ ọ̀tún lókè orúnkún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀mí á bá a lọ.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́," ni Sọ̀fíyù wí, "ẹ dín in kù fún mi. Ẹ gé e nísàlẹ̀ orúnkún."

Èmi náà ti sáré débẹ̀ nígbà tí mo gbọ́, ojú tì mí, àánú sì ṣe mí. Sọ̀fíyù fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n gé e. Lọ́jọ́ kejì, Mọ́nsúrátù lajú, oorun ṣì ń kùn ún. Ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Aaliyah, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń yún mi. Ẹ bá mi họ ọ́."

Sọ̀fíyù na ọwọ́ lọ sábẹ́ aṣọ ìbora. Kò rí nǹkan kan họ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà mí, ẹ ná aṣọ, ẹ ná iṣu, ẹ ná ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má ná ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ní mẹ́rin, ẹ ṣe mẹ́rin, ọ̀dà lè dúró. Ẹ má sì jẹ́ kó rẹ̀ yín láti sọ òtítọ́ fún èèyàn yín. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn; gbogbo òtòkùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.